Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Kóró Èso Ẹ̀yìnkùlé fún Gbígbìn Lọ́dún Tó Ń Bọ̀

Ní oṣù kejì ọdún kan, mo gbé atẹ́ kan kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkọ́lé-Èkìtì, mo sì pín in sí méjì. Apá kan gba kóró tòmátì tí mo ti fọ̀ mọ́, apá kejì gba kóró agbálùmọ̀ bí 40 tí mo ṣà jọ láti ìdí igi kan tí adùn èso rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́ ní gbogbo àdúgbò. Mo sá wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mo ń yí wọn padà lọ́sàn-án, mo ń gbé wọn wọlé nírọ̀lẹ́ kí ìrì má baà sẹ̀ sí wọn, nígbẹ̀yìn mo rọ wọ́n sínú ìgò méjì, mo sì dé e pa. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, mo gbin wọ́n. Tòmátì yọrí ní ọjọ́ kẹfà. Mo bomi rin agbálùmọ̀ títí oṣù kẹfà fi wọlé, ẹyọ kan ṣoṣo kò hù. Mo padà sídìí ìgò, mo mú ọ̀kan nínú mẹ́ta tó ṣẹ́kù síbẹ̀, mo fi òkúta fọ́ ọ, mo sì rí i pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ti súnkì, ó ń mì pẹkẹpẹkẹ nínú èèpo bí ẹ̀pà tó ti pẹ́. Ìtọ́jú tí mo rò pé mo ń ṣe ló pa wọ́n.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ilé tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ni mo ti dàgbà. Ìyá mi àgbà máa ń so ṣiri àgbàdo tó fẹ́ gbìn kọ́ sókè ààrò, kí èéfín máa rà á, kí ó gbẹ kanrinkanrin. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan obì, inú agbọ̀n ni wọ́n máa ń kó o sí, wọn á fi ewé tútù tẹ́ ẹ, wọn á fi ewé tútù bò ó, wọn á sì máa pààrọ̀ ewé náà bí ó bá ti ń gbẹ. Ilé kan náà, ọwọ́ kan náà, ọ̀nà ìpamọ́ méjì tó yàtọ̀ pátápátá. Ojú mi rí i lójoojúmọ́, n kò sì bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú kóró tó wà lọ́wọ́ yín

Kí ẹ tó wá ìgò tàbí atẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè bóyá kóró náà lè gbẹ kí ó sì yè. Àwọn tó lè gbẹ ni tòmátì, gbogbo oríṣi ata, ìgbá, ilá, ẹ̀gúsí, elégédé àti gúrọ́fà. Nígbà tí omi bá kúrò lára wọn, ńṣe ni ẹ̀mí inú wọn á sùn lọ fọnfọn, tí omi bá sì padà dé, á jí. Àwọn tí gbígbẹ ń pa ni agbálùmọ̀, máńgòrò, píà, obì, orógbó àti kòkó. Púpọ̀ nínú igi wọ̀nyí jẹ́ igi igbó, níbi tí èso ti máa ń já bọ́ sórí ewé jíjẹrà lábẹ́ ibòòji, tí kóró á sì ta gbòǹgbò láìpẹ́ ọjọ́, nítorí náà ara wọn kò mọ bí a ṣe ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀. Bí omi ara wọn bá dín kọjá ìwọ̀n kan, wọ́n ti kú nìyẹn, bí ẹ tilẹ̀ gbé wọn lọ rẹ sí orísun odò Ọ̀ṣun ní Ìgèdè.

Àwọn kan wà láàárín méjèèjì. Ìbẹ́pẹ àti kajú lè gbẹ, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ nínú ìgò bí tòmátì. Ọsàn mímu àti ọsàn wẹ́wẹ́ lè fara da gbígbẹ díẹ̀, àmọ́ èyí tí a gbìn ní tútù ló máa ń hù jù. Bí kóró kan bá wà lọ́wọ́ yín tí ẹ kò mọ ìran rẹ̀, tí ó tóbi, tí inú rẹ̀ sì tutù nígbà tí ẹ fi ọ̀bẹ gé e bí ẹni gé ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, ẹ kà á sí èyí tí gbígbẹ ń pa.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ẹ̀yìnkùlé wa nìkan. Ní 2008, wọ́n ṣí ilé ìpamọ́ irúgbìn gbogbo àgbáyé kan sínú òkè ní Svalbard, ní orílẹ̀-èdè Nọ́ọ́wè, níbi tí wọ́n ti ń pa irúgbìn mọ́ nínú òtútù tó lọ sí dígírì 18 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Pẹ̀lú gbogbo agbára ilé náà, kò lè gba kóró máńgòrò tàbí ti kòkó pamọ́, nítorí kóró gbọ́dọ̀ gbẹ kí ó tó lè wọ irú òtútù bẹ́ẹ̀ láì bẹ́.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ òyìnbó kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, ọmọ ìdí wọn ni a máa ń gbìn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan ìyá kóró

Àṣà kan wà láàárín wa tí n kò fẹ́ràn. Èso tó dára jù ni a máa ń jẹ tàbí tà, èyí tí ẹyẹ ti sọ tàbí tí ó kéré jù tó gbẹ̀yìn igi ni a máa ń fi ṣe irúgbìn. Bí a bá ṣe èyí fún ọdún mẹ́rin léraléra, a ó ti fi ọwọ́ ara wa ṣa àwọn tí kò dára jọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí èso ṣì wà lórí igi. Ẹ wo igi tàbí ewéko tí ara rẹ̀ dá, tí ewé rẹ̀ kò ká jọ, tí kò ní àbàwọ́n ofeefee, tí èso rẹ̀ pọ̀, tí ó sì dùn. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ará ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ká a. Láti ara ewéko mẹ́rin sí mẹ́fà ni kí ẹ ti mú kóró tòmátì tàbí ata, kì í ṣe láti ara ẹyọ kan, kí àléébù tó bá fara sin sára ọ̀kan má baà di ti gbogbo oko. Èso irúgbìn gbọ́dọ̀ pọ́n dénú lórí igi. Tòmátì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rọ̀ ju ti ọbẹ̀ lọ dára, ata tó ti pọ́n débi pé ó ń hunjọ tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bóyá ọmọ á jọ ìyá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ìdí òdòdó sì ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Òdòdó tòmátì máa ń fúnra rẹ̀ gba lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ (ìyẹn ìyẹ̀fun akọ tó ń mú kí òdòdó di èso), nítorí akọ inú rẹ̀ fi ara yí abo ká bí ọ̀pá kékeré, nítorí náà tòmátì ìbílẹ̀ sábà máa ń jọ ìyá rẹ̀. Ata náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò dájú bíi ti tòmátì. Kòkòrò oyin máa ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara ata kan lọ sára òmíràn, bí ẹ bá sì gbin ata wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàtàṣé, kóró tí ẹ ó ká lára tàtàṣé náà lè bí ọmọ tí yóò ta yín lẹ́nu lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ẹ kò bá ní àyè láti gbin wọ́n jìnnà síra, ẹ ran àpò kékeré láti ara aṣọ nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi bo ẹ̀ka kan kí òdòdó rẹ̀ tó là, ẹ máa mì í jẹ́jẹ́ láàárọ̀, kí ẹ sì yọ àpò náà nígbà tí ọmọ bá ti jókòó. Ẹ wá fi òwú so èso wọ̀nyẹn, kí ẹ lè dá wọn mọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ni ẹ ti ra irúgbìn tí ẹ gbìn, ẹ wo ara páálí rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ F1 sí i, ìran méjì ni wọ́n pa pọ̀ láti ṣe é. Ìran àkọ́kọ́ á dọ́gba, á so wọ̀ǹtìwọnti, ṣùgbọ́n kóró tí ẹ bá mú lára rẹ̀ á tú ká sí oríṣiríṣi. Ẹ lè gbìn ín bí ẹ bá fẹ́ wo ohun tí yóò jáde, àmọ́ ẹ má fi oko títà lé e lọ́wọ́. Àwọn àgbẹ̀ kòkó tó wà láàárín wa mọ ìtàn yìí dáadáa. Ẹni tó bá gbin kòkó tí Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó (CRIN), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964, pa pọ̀, tí ó sì wá ń mú hóró láti inú oko ara rẹ̀ gbin oko kejì, máa ń rí i pé oko kejì kò dọ́gba mọ́: igi kan á so, èkejì á kàn yọ ewé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: yíyọ àti fífọ kóró tó lè gbẹ

Tòmátì ló fẹ́ sùúrù jù. Kóró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú nǹkan yíyọ̀ kan tí kì í jẹ́ kí ó hù nínú èso, nǹkan yíyọ̀ yìí la sì gbọ́dọ̀ mú kúrò. Ẹ gé tòmátì sí méjì, ẹ fún kóró àti omi rẹ̀ sínú ife tàbí agolo, ẹ da omi díẹ̀ sí i bí kò bá tó, ẹ fi aṣọ pẹlẹbẹ bò ó, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí oòrùn kò ti pa á. Ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Bí ó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, á sì máa rùn bí omi ògì tó kan jù. Awọ funfun lè bo orí rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Kíkan yẹn máa ń jẹ nǹkan yíyọ̀ náà kúrò, ó sì máa ń pa díẹ̀ nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé àrùn lára kóró. Ṣùgbọ́n ní Èkìtì tí ooru wà, ẹ má jẹ́ kí ó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, nítorí kóró lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú ife. Mo ti gbàgbé ti èmi sí abẹ́ tábìlì rí títí di ọjọ́ karùn-ún, ìgbà tí mo sì ṣí i, ìrù funfun ti yọ lára wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ da omi púpọ̀ sí i. Kóró tó dára á rì sísàlẹ̀, èyí tó fúyẹ́ àti ẹran tòmátì á léfòó. Ẹ rọra da ti òkè nù, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin títí omi yóò fi mọ́ lóló. Ẹ dà á sínú asẹ́, ẹ fi aṣọ nu ìdí asẹ́ náà kí omi lè kán tán, ẹ wá tú u sórí àwo tánganran tàbí abọ́ ike. Ẹ má ṣe tú u sórí bébà tàbí páálí, yóò lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ẹ ó máa gbin bébà pọ̀ mọ́ tòmátì.

Ata rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò fẹ́ kíkan rárá. Ẹ là á, ẹ gbọn kóró rẹ̀ jáde, kí ẹ sì sá a. Àmọ́ ẹ fi ọ̀rá wọ ọwọ́ bí ó bá jẹ́ ata rodo, ẹ má sì ṣe fọwọ́ kan ojú títí ẹ ó fi fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ìgbá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ó pọ́n di pupa tàbí ofeefee, ẹ gún un sínú omi, ti ìsàlẹ̀ ni tiyín.

Ìbẹ́pẹ yẹ fún ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbìn ín, wọn á tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, wọn á wá rí i pé akọ ni, wọn á sì fi àdá bẹ́ ẹ. Oríṣi igi ìbẹ́pẹ mẹ́ta ló wà. Akọ máa ń na òdòdó wẹ́wẹ́ sórí ọ̀pá gígùn tó ń fì dirodiro. Abo máa ń gbé òdòdó ńlá rẹ̀ mọ́ ara igi, èso rẹ̀ sì máa ń rí roboto. Ẹ̀kẹta ní akọ àti abo nínú òdòdó kan ṣoṣo, èso rẹ̀ sì máa ń gùn. Bí ẹ bá mú kóró nínú èso roboto tí igi akọ wà nítòsí rẹ̀, nǹkan bí ìdajì ọmọ rẹ̀ yóò jẹ́ akọ. Bí ẹ bá mú kóró nínú èso gígùn tó gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀, akọ kì í sí níbẹ̀: bí ìdá méjì nínú mẹ́ta á rí bí ìyá wọn, ìdá kan tó kù á jẹ́ abo. Nítorí náà, èso gígùn ni kí ẹ wá, láti ara igi tí akọ kò sí nítòsí rẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe.

Bí ẹ bá ti kó kóró ìbẹ́pẹ jáde, ẹ ó rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà nínú àpò rọ̀bọ̀tọ̀ kan tó mọ́ gaara bí ojú ẹja. Àpò yìí kì í jẹ́ kí kóró hù. Ẹ bu wọ́n sórí asẹ́ líle, ẹ fi ọwọ́ ra wọ́n mọ́ asẹ́ nínú omi títí àpò náà yóò fi bẹ́, tí kóró yóò sì di dúdú hagahaga lábẹ́ ìka yín. Àwọn kan máa ń pò ó mọ́ eérú kí ó lè rọrùn láti ra, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́ nù, ẹ da èyí tó léfòó nù, kí ẹ sì fẹ́ ẹ sábẹ́ ibòòji fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Kì í ṣe kóró tí a ń fi pamọ́ pẹ́ títí. Kí òjò ọdún tó tẹ̀lé e tó dé ni kí ẹ gbìn ín.

Ti kajú yá kíá. Nígbà tí ó bá já bọ́ láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin, ẹ yọ kóró kúrò lára èso, ẹ sá a fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jù ú sínú omi, kí ẹ sì mú èyí tó bá rì. Ẹ má ṣe fi eyín ṣí i, nítorí òróró inú èèpo rẹ̀ máa ń bó ẹnu.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: gbígbẹ àti ìpamọ́

Ibòòji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni ibi gbígbẹ tó dára jù. Òrùlé páánù lọ́sàn-án oṣù kejì gbóná ju ohun tí kóró tútù lè fara dà lọ, ó lè sè é kí ó tó gbẹ. Oòrùn kùtùkùtù kò burú, ṣùgbọ́n bí aago mẹ́wàá bá ti lù, ẹ gbé e kúrò. Ọyẹ́ ni ọ̀rẹ́ wa nínú iṣẹ́ yìí: láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti òkè ọya gbẹ débi pé tòmátì tí a tẹ́ sórí àwo lè gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní oṣù keje, ẹ lè fẹ́ ẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó ṣì máa rọ̀.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ẹ mú kóró ata tàbí elégédé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì. Bí ó bá ká, kò tíì gbẹ. Bí ó bá dá pọ̀ọ́, ó ti tó. Tòmátì kéré jù fún èyí, ẹ gbọ́ ìró rẹ̀ nínú àwo: ó yẹ kí ó máa dún ṣaraṣara bí iyanrìn.

Òfin kan wà tí àwọn onímọ̀ irúgbìn máa ń fi ṣe ìwọ̀n: bí omi inú kóró bá fi ìdá 1 nínú 100 dín kù, ọjọ́ ayé rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, bí ooru ibi tí ó wà bá fi dígírì 5 dín kù, á tún di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ìgò tó mọ́ tí ìdérí rẹ̀ le, nínú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀, ni ẹ nílò. Ẹ yan ìrẹsì díẹ̀ lórí iná láìsí òróró títí yóò fi pọ́n, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ dì í sínú aṣọ kékeré, kí ẹ sì fi í sí ìsàlẹ̀ ìgò kí ó lè máa fa ọ̀rinrin. Èmi kì í fi ìrẹsì olówó ńlá ṣe é, ìrẹsì Ìgbẹ́mọ tí eku ti jẹ àpò rẹ̀ ni mo lò kẹ́yìn. Eérú gbígbẹ tí kò gbóná mọ́, tí a jọ̀ dáadáa, tí a pò mọ́ kóró ní ìdajì ìdajì, máa ń dá kòkòrò dúró, ewé dongoyaro gbígbẹ náà sì wúlò. Bí ẹ bá ní fíríìjì, ẹ lè gbé ìgò tí a dé pa síbẹ̀, ṣùgbọ́n iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lè mú kí omi rìn sí ara ìgò, nítorí náà bí iná kò bá dúró ládùúgbò yín, ìsàlẹ̀ kọ́ńbọ́ọ̀dù tó tutù sàn jù ú lọ.

Ẹ kọ orúkọ, ibi tí ẹ ti rí i, àti oṣù àti ọdún tí ẹ kó o sórí bébà, kí ẹ sì fi bébà náà sínú ìgò pẹ̀lú kóró. Èyí tí a bá kọ sára ìgò máa ń pa rẹ́. Tòmátì tí a tọ́jú báyìí lè wà fún ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ata fún bí ọdún méjì sí mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọn tí gbígbẹ ń pa

Fún àwọn wọ̀nyí, ilẹ̀ ni ilé ìpamọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá jẹ èso náà ni kí ẹ gbin kóró rẹ̀, tàbí láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ohun tí ẹ ní láti pèsè sílẹ̀ ni ọ̀rá dúdú tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ihò, tí ó jìn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí gbòǹgbò àárín má baà ká kò nínú rẹ̀. Ẹ fi ilẹ̀dú, iyanrìn díẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà kún un.

Agbálùmọ̀ máa ń pọ́n láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin, èyí tó sì fúnra rẹ̀ já bọ́ ló gbó jù. Ẹ gba kóró lọ́wọ́ àwọn ọmọdé kí wọ́n tó fi í ṣeré tán, ẹ fọ ẹran ara rẹ̀ dànù, kí ẹ sì wo èyí tó dán, tó wúwo lọ́wọ́. Etí rẹ̀ kan máa ń rí gbẹ́rẹ́gbẹ́rẹ́, èkejì á dán. Ẹ tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́ sínú ilẹ̀, kí ó jìn tó oríkèé ìka kan, kí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí pé ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi gbọ́dọ̀ kan án láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí imọ̀ ọ̀pẹ sì wà lókè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àtíbàbà. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà kí ó tó yọjú.

Ti máńgòrò ni ó yẹ kí ẹ fi ojú sí. Lẹ́yìn tí ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ẹ fọ irun ara kóró náà, ẹ jẹ́ kí ó sinmi lábẹ́ ibòòji fún ọjọ́ kan kí ó má baà máa yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ fi àlùmọ́gàjí tàbí ọ̀bẹ tó mú gé etí èèpo líle náà díẹ̀díẹ̀ láti ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wá fi ọwọ́ là á bí ẹni là ìwé. Ohun tí ẹ ń wá wà nínú rẹ̀, ó rí bí kíndìnrín, ó sì yẹ kí ó kún, kí ó le. Bí ó bá ní ihò wẹ́wẹ́ tàbí lẹ́búlẹ́bú dúdú, kòkòrò ti wọ inú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù jìnnà. Ẹ gbìn ín kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ kọ́lọ́ wà lókè, kí ilẹ̀ tó bò ó má ju oríkèé ìka kan lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ewé tó pọ́n bí aró osùn á yọ.

Ní ibi yìí ni ẹ ó ti rí ohun ìyanu. Láti inú ẹyọ kóró máńgòrò ìbílẹ̀ kan, igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè hù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ti inú lẹ́búlẹ́bú òdòdó wá rárá, ara ìyá ni wọ́n ti yọ, ìyá gan-an ni wọ́n sì jọ délẹ̀. Ọ̀kan tó sábà máa ń rán tàbí tó yàtọ̀ ni ọmọ bàbá òun ìyá. Ẹ lè já a, kí ẹ fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀. Ọsàn mímu náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí ọsàn tí a fi kóró gbìn fi sábà máa ń dùn bí ìyá rẹ̀. Ìṣòro ọsàn ni pé ẹ̀gún á pọ̀ lára rẹ̀, ó sì lè tó ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ó tó so. Ẹni tí kò bá ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, kí ó ra èyí tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò òmíràn.

Píà kò ní wàhálà. Ẹ bó èèpo pupa ara kóró rẹ̀, ẹ fi ìdí rẹ̀ tó tẹ́ sísàlẹ̀, kí ìdajì rẹ̀ wà lókè ilẹ̀.

Bí ẹ bá rí èso níbi àlejò, tí ọ̀nà ilé sì jìn, ẹ fi lẹ́búlẹ́bú pákó láti ilé ìlagi, tí a ti fi omi rẹ tí a sì fún gbẹ, di kóró náà sínú ọ̀rá tí ẹ kò dé pa, nítorí wọ́n ń mí. Ẹ má gbé wọn sínú fíríìjì rárá. Òtútù ń pa máńgòrò àti kòkó bí oòrùn ṣe ń pa wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àyẹ̀wò àti gbígbìn

Ní ìparí oṣù kejì, kí òjò tó dé, ẹ ka kóró 20 nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹ tò wọ́n sórí aṣọ tútù, ẹ ká a, ẹ fi sínú ọ̀rá, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Tòmátì yẹ kó ti hù ní ọjọ́ mẹ́wàá, ata lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bí 16 bá hù, ó dára púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ 10, ẹ gbin ìlọ́po méjì. Bí kò bá pé 8, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá irúgbìn mìíràn kí iye rẹ̀ lọ́jà tó gbé sókè.

Ìbẹ́pẹ ní tirẹ̀, ọ̀rá dúdú ni kí ẹ ti kọ́kọ́ gbìn ín. Nígbà tí ó bá ga tó gíga àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ kó igi mẹ́ta sínú ihò kan, ní ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Kò sí ẹni tó lè fi ojú mọ akọ yàtọ̀ sí abo kí òdòdó tó yọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ dàgbà, ìgbà tí òdòdó bá là ni kí ẹ tó gé èyí tí ẹ kò fẹ́. Kajú kò fẹ́ kí a dà á láàmú, ojú ibi tí ẹ fẹ́ kí ó wà ni kí ẹ gbìn ín sí tààrà, kí ojú ibi tí ó ti lẹ̀ mọ́ èso wà lókè.

Agbálùmọ̀ àti máńgòrò inú ọ̀rá, ẹ jẹ́ kí wọ́n lo ọdún kan kí ẹ tó gbé wọn sílẹ̀, láàárín oṣù karùn-ún sí ìkeje. Ẹ fi àlàfo tó tó ìṣísẹ̀ 12 sáàárín igi kan àti èkejì, kí ẹ sì jìnnà sí ògiri ilé.

Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀lé ti atẹ́ yẹn, mo padà lọ sídìí igi agbálùmọ̀ kan náà, mo mú kóró 12, mo sì gbin wọ́n kí ọ̀sán tó pọ́n. Mẹ́sàn-án hù. Mo pín márùn-ún fún àwọn ará àdúgbò, ewúrẹ́ jẹ mẹ́ta, ẹyọ kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná báyìí. Ó ti ga jù mí lọ, kò sì tíì so.